Òkun Tó Ń Jẹ Ilẹ̀ Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Orí ilẹ̀ pupa ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí, lókè Kétu, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó ti gbé ìkòkò rù kí àkùkọ tó kọ, a ó rìn dé ìdí kànga, a ó sì tò sẹ́yìn àwọn tó ti sùn síbẹ̀ mọ́jú. Omi tí a fi ṣan àgbàdo la fi ń fọ ẹsẹ̀, èyí tí a fi fọ ẹsẹ̀ la ń dà sí ìdí ata. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wí pé apẹja kan láti etí òkun lòun fẹ́ fẹ́, ohun tí ìyá wa kọ́kọ́ sọ ni pé, “Òùngbẹ kò ní pa ọmọ mi níbẹ̀ ṣá.” Bàbá wa kò rẹ́rìn-ín.

Ọjà Pọ̀bẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi àti apẹja náà ti pàdé. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń bá ìyá wa kó gaàrí àti àgbàdo lọ síbẹ̀, ọkùnrin náà a sì bá ìyá tirẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti ìhà Kútọnu. Ẹ̀gùn ni wọ́n. Yorùbá tí ọkùnrin náà gbọ́ kò ju ti ọjà lọ, àmọ́ Yorùbá ọjà yẹn ló fi ń pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbàgbé àwọn oníbàárà. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Dàhòmì nígbà náà. Lójú àwa ará òkè, ẹni tó bá ti forí lé ọ̀nà Kútọnu, ibi ire ló ń lọ. Wọ́n mú iṣu, oyin, aṣọ àti ẹja wá tọrọ rẹ̀, bàbá wa sì gbà, kò kàn fi ọ̀yàyà gbà ni.

Nígbà tó ṣe, òjò kọ̀ lọ́dún kan, àgbàdo wa gbẹ mọ́ orí ebè. Bàbá ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, kí n máa bá a yan ẹja, ẹnu tí yóò jẹun nílé yóò fi ẹyọ kan dín. Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ nígbà yẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù tí à ń pè ní kàmíọ̀ gbé mi dé Pọ̀bẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, a kọjá Àjàṣẹ́, a gun afárá lórí ọ̀sà, ẹ̀gbọ́n mi sì wá pàdé mi níbi tí ọkọ̀ dúró sí.

Mo gbọ́ òkun kí n tó rí i. Mo rò pé kàmíọ̀ púpọ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn igi àgbọn, mo sì yà sẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n lè kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

“Òkun ni,” ó ní. “Kì í dákẹ́ o. Má retí pé kó dákẹ́ kí o tó sùn.”

Ilé wọn wà lórí iyanrìn, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe é, kùkú, àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan ẹja, sì wà lẹ́yìn rẹ̀, níhà omi. Nígbà tí a jẹun tán, ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí síta. Obìnrin gíga ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí èéfín. Ó nawọ́ sínú òkun, síbi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun, ó sọ̀rọ̀ lédè Ẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

“Ìyá ní ibẹ̀ yẹn ni yàrá tí òun bí ọkọ mi sí wà.”

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ṣi ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ ni. Ìyá náà tún nawọ́, ó tọ́ka sí ìdí igi àgbọn kan tó dá dúró sínú omi láìní orí, ó ní igi náà ni àwọn máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ tún àwọ̀n ṣe. Ìgbà náà ni ó yé mi. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn. Àwọn kan ní àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n ń rọ́ sínú omi ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté tuntun, ló yí ẹsẹ̀ òkun padà. Àwọn àgbà ní ó ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Èmi kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí mo fojú mi rí ni pé láàárín ìgbà tí mo dé sí ìgbà tí ọyẹ́ fẹ́, a tú kùkú náà lẹ́ẹ̀mejì, a sì gbé e sún mọ́ ilé.

Fófó ni mo ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, bí àwọn Ẹ̀gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Kì í ṣe ènìyàn tó ga, àmọ́ apá rẹ̀ le nítorí àjẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a fi ọkọ̀ ọpọ́n gbé àwọ̀n gígùn la ìgbì kọjá, wọ́n a dà á yí ká, wọ́n a sì gbé ìdí okùn kejì padà wá sí èbúté, níbi tí a ti di èkíní mú. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé, tọkùnrin tobìnrin, a dì mọ́ okùn, a ó máa fà á pẹ̀lú orin títí oòrùn yóò fi ga. Láyé àtijọ́, wọ́n ní ẹja a máa kún inú àwọ̀n débi tí wọ́n á fi tú díẹ̀ dànù. Nígbà tí mo dé, a máa ń fà á títí ọwọ́ wa yóò fi bó, ṣàwá wẹ́wẹ́ àti ewéko òkun la ó sì bá nínú rẹ̀. Fófó a gbé apẹ̀rẹ̀ wò, a ní, “Òkun ń jẹ wá, àwa kò rí òkun jẹ.” Ó máa ń wí i bí àwàdà, àmọ́ kì í rẹ́rìn-ín tán.

Ìdílé wọn kì í jẹ ahun òkun. Wọ́n ní ó ti gbé baba ńlá àwọn gúnlẹ̀ rí nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kí oòrùn tó yọ, mo jáde láti lọ dáná, mo rí nǹkan dúdú kan tó fara ti ògiri ilé wa, tó ń mí. Mo kígbe. Ahun òkun ni, ó tóbi tó tábìlì. Ó wá láti yé ẹyin, kò sì rí iyanrìn gbígbẹ tí yóò yé e sí mọ́, ló bá rìn títí ó fi kan ilé ènìyàn. Ó ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò sí ìdí ògiri, omi ń dà lójú rẹ̀, iyanrìn sì lẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tì í. Ó bu omi lé e lórí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá obìnrin tó ń rọbí sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi gbọ́, àwọn tí kì í ṣe èèwọ̀ wọn sì gbé àdá wá. Ebi wà nílùú, ẹran ahun náà yóò sì bọ́ ilé púpọ̀. Fófó dúró sáàárín.

“Ẹ jẹ́ kó yé ẹyin rẹ̀ tán, kó máa lọ,” ó ní.

“Ìwọ lo máa bọ́ àwọn ọmọ wa?” ọ̀kan nínú wọn bi í.

“Mi ò lè bọ́ wọn. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà mi kọ́ lẹ máa ti pa á.”

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ahun náà fi bo ihò rẹ̀, tó yí padà, tó sì wọ́ ara rẹ̀ wọ inú omi. Àwọn aládàá tú ká pẹ̀lú ìbínú. Ìyá náà fi igi ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká kí ajá má bàa tú u. Ajá kò tú u. Omi ló wá, nígbà tí òṣùpá tún kún, ó gbẹ́ ìdí ògiri náà, a sì jí bá àwọn ẹyin funfun tó ń yí káàkiri nínú ìfófò, tí alákàn àti ajá ń jà lé lórí. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìró dí ojú, ó sunkún. Èmi tí mo wá láti Kétu, ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè sunkún nítorí ẹyin ahun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi lóyún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Fófó dùn débi pé ó ń jáde sórí omi lọ́jọ́ tí àwọn yòókù bá ní ìgbì ga jù. Lọ́jọ́ kan tí òun àti àwọn mélòó kan lọ, a wà létí omi, àwa tí yóò fa okùn, à ń wò wọ́n. Ọkọ̀ wọn gun ìgbì àkọ́kọ́, ó gun èkejì. Ẹ̀kẹta gbé imú rẹ̀ sókè, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. A rí orí tí ń yọ nínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn sáré lọ fà wọ́n jáde. A kò rí orí Fófó. Àwọn tó yọ sọ pé ọkọ̀ náà ló yí lé e.

 Ẹ̀gbọ́n mi dúró, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òkun gbé e pamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì gbé e padà wá sójú ilẹ̀, níhà ìlà oòrùn ilé wa. Mi ò ní sọ bó ṣe rí. Òfin wọn ni pé ẹni tí omi bá pa, ibi tí omi gbé e jù sí ni wọn ó sin ín, kò gbọdọ̀ wọ ìlú mọ́. Wọ́n fi ẹní wé e, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ fún un sórí iyanrìn, nídìí àgbọn kékeré kan. Mo dúró ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń wo ibi tí ìfófò dé, mo sì ń wo sàréè náà, mo ń fojú wọn àárín wọn.

Bàbá wa wá nígbà tó gbọ́. Kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Ó gbé àpò iṣu tó rù sọ̀ kalẹ̀, ó dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó bu iyanrìn, ó fi ìka ra á, ó sì dà á nù. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

“Ọmọ mi, o ti ṣe opó tó bó ṣe yẹ. Dìde ká máa lọ sílé.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì lè lọ.”

“Kí lo ń dúró dè?”

“Omi ń bọ̀ wá gbé e.”

“Òkú ni. Òkú kò mọ̀.”

“Bàbá, inú yàrá yín ni bàbá tó bí yín wà. Orí rẹ̀ lẹ̀ ń tẹ́ ẹní sí. Bí ojú bá ń pọ́n yín, mo máa ń gbọ́ tí ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Tí ọmọ tó wà nínú mi bá wá béèrè ibi tí bàbá òun wà, kí ni kí n nàka sí?”

 Bàbá wa sùn mọ́jú, ó sì padà sí Kétu lówùúrọ̀. Kó tó lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Má fi í sílẹ̀ o. Ọjọ́ tó bá gbà, kẹ́ ẹ máa bọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá àgbà ìdílé ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n hú òkú náà, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ọ̀nà, sórí ilẹ̀ tó le. Àgbà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní kó dìde jókòó, ó fún un ní omi mu, ó wá wí pé, “Ìyàwó wa, ẹni tí omi bá pa, omi ló ni ín. Bí a bá gbé e wọ ìlú, yóò máa pe àwọn yòókù, a ó sì tún sin òmíràn. Má ṣe bẹ̀ mí nípa èyí mọ́.” Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ó mi orí, ó ní bí àgbà náà ṣe wí ló rí.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ru èèpo àgbọn. Ó ń kó o jọ síwájú sàréè náà níhà omi, ó ń ri igi mọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀, ó ń fi apẹ̀rẹ̀ da iyanrìn lé e. Mo ní kó jẹ́ kí n máa ṣe é nítorí oyún inú rẹ̀, kò gbà, ni àwa méjèèjì bá jọ ń ṣe é. Àwọn tó ń fa àwọ̀n ń wò wá. Àwọn ọmọ ń fi wá rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ẹrù èèpo àgbọn lórí. Kò kí wa. Ó dà á sílẹ̀ sórí tiwa, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì padà lọ wá òmíràn. Láti ọjọ́ náà, àwa mẹ́ta là ń ṣe é. Lówùúrọ̀ a ó yan ẹja tí a bá rí, lọ́sàn-án a ó ru èèpo àgbọn. Ohun tí a bá mọ sókè, omi a wá jẹ nínú rẹ̀, a ó sì tún un mọ.

Ìgbà òjò ńlá ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni, òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ìgbì kàn ń tóbi sí i ni, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Èkíní kọlu ọgbà wa, ó sì gbé èèpo àgbọn léfòó. Èyí tó tẹ̀ lé e wọ abẹ́ iyanrìn, iyanrìn ya lulẹ̀, àgbọn kékeré náà sì wó. A rí etí ẹní.

Mi ò tíì lanu tán tí ẹ̀gbọ́n mi fi wọ inú omi. Omi mù ún dé ìbàdí, ó di etí ẹní náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń fà á bí ẹni ń fa àwọ̀n. Òkun ń fà á padà. Ìyá ọkọ rẹ̀ sáré wọ inú omi, ó gbá a mú láti ẹ̀yìn, ó ń kígbe lédè Ẹ̀gùn, “Ọmọ wà nínú rẹ! Ọmọ wà nínú rẹ!” Èmi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ń ṣí ìka rẹ̀ kúrò lára ẹní náà. Ó bù mí jẹ, mi ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìka rẹ̀ tó kù, omi gbé ẹní náà, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, a kò sì rí i mọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe dìde dúró, wọ́n ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó wá. Òfin wọn ni.

A fà á jáde. Ó jókòó sórí iyanrìn tòun ti aṣọ tútù títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló lọ di ẹrù rẹ̀ fún un. Ó gbé e wá, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì fi Yorùbá tó gbọ́ láti ọjà Pọ̀bẹ́ sọ fún un pé, “Máa lọ. Òkè wà fún ọ. Bí èmi bá ní òkè, ǹ bá ti lọ.”

“Ìyá, ẹ bá wa lọ,” ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ta ni yóò máa wo ilé?”

Ilé náà kò jìnnà sí omi ju ìwọ̀n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ lọ́jọ́ náà.

Kétu ni ẹ̀gbọ́n mi bímọ sí. Obìnrin ni. A rò pé bó bá ti gbọ́ igbe ọmọ, ara rẹ̀ yóò yá, ara rẹ̀ kò yá. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gbin gbágùúdá, ó ń lọ sídìí kànga, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń sọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Kì í fẹnu kan ẹja. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í bí òkun ṣe rí, yóò ní, “Omi ni.” Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé òkú omi ń tẹ̀ lé e, wọn kò sì fẹ́ kí okùn rẹ̀ ṣáájú tiwọn nínú kànga. Ọkùnrin opó kan láti ìlú Òpómẹ̀ta wá fẹ́ ẹ, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì padà wá mọ́. Ìyá wa bá àwọn obìnrin náà jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sunkún rí, kò sunkún létí òkun, kò sunkún nílé.

Nígbà tí eyín ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú un lọ kí ìyá bàbá rẹ̀. Òun kò lè lọ. Mo mú un wọ kàmíọ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin. Mo gba ọ̀nà tí mo mọ̀, omi ni mo bá. Kò sí ilé, kò sí kùkú, kò sí ibi tí a ti ń fa okùn. Ènìyàn kan ló júwe fún mi, mo sì rí ìyá náà níhà ọ̀sà, nínú àtíbàbà kan, ó ń yan ẹja tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń já ní Kútọnu, ẹja tó dì gbagidi, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ó wo ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ tó dú fún èéfín gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ mú, ó wo iwájú orí rẹ̀, ó wo etí rẹ̀.

“Ṣé ó mọ lúwẹ̀ẹ́?” ó bi mí.

“Rárá, Ìyá. Níbo ni yóò ti kọ́ ọ ní Kétu?”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó ní, ó sì fa ọmọ náà mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló bu ìrẹsì fún wa. Ọmọ náà jẹun, ó sùn sí itan rẹ̀, ìyá náà kò sì ṣípò títí ọmọ fi jí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja rẹ̀ ń jóná.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí ìròyìn dé láti ọjà Pọ̀bẹ́ pé ìyá náà ti kú. Àìsàn ni, wọ́n sì sin ín sórí ilẹ̀ tó le, lẹ́yìn ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ń bó àgbàdo nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ó ní kí ẹni náà tún un sọ. Ó gbé igbá àgbàdo kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nà gbọọrọ sórí ilẹ̀ pupa, ó sì bú sẹ́kún, igbe tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti fà á jáde nínú omi. Àwọn aládùúgbò sá wá láti agboolé gbogbo, títí kan àwọn tí kò jẹ́ kí okùn rẹ̀ ṣáájú tiwọn. Ìyá wa na ọwọ́ láti gbé e dìde, bàbá wa ní, “Ẹ fi í sílẹ̀.”

“Ta ló kú?” ni wọ́n ń bi mí.

“Ìyá rẹ̀ ni,” mo dá wọn lóhùn.

Ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ mi. Kò sọ pé irọ́ ni.